Ọ̀nà Oko Yìí, Ta Ló Ni Ín?

"Ta ló rán yín wá?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi mí nínú igbó nìyẹn. Bàbá náà kò kí mi kú ọ̀nà, kò bi mí níbi tí mò ń lọ. Ó jókòó lórí àpò òfìfo nídìí igi kòkó, àdá rẹ̀ wà lórí itan, kò sì dìde. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sáàárín ọ̀nà bí olè tí ilẹ̀ mọ́ bá. Ọmọ náà ti na fóònù sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi dé akẹtẹ̀ ńlá kan tí mo rà ní Èkó, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo sì mú ìwé kékeré dání tí mo fi ń kọ àmì àwọn oríta sílẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo ro ó wò ni mo tó fi ara mi rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni oko yẹn, ohun tí ǹ bá rò náà nìyẹn: sọfiyọ̀ ti dé, wọ́n tún fẹ́ wọn ilẹ̀ bàbá wa tà.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko àti ọ̀nà igbó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn ibi tí èèyàn lè jáde lọ láàárọ̀ kó sì padà wálé wá jẹun alẹ́. N kò mọ nǹkan kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ báyìí, àṣìṣe ló kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀, àwọn tó ni ọ̀nà ló kọ́ mi ní ìyókù.

Aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó ti máṣìn ní Muṣin kí n tó kó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú bàbá mi. Nígbà tí mo fi máa dé, ẹsẹ̀ mi ti ń wú lálaalẹ́ débi pé bàtà kì í gbà mí mọ́. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa rìn." Mo ní mò ń rìn, ṣebí mò ń lọ sọ́jà. Ó ní èyí tí ẹ ó fi làágùn ni òun ń sọ.

Ojú títì ni mo ti kọ́kọ́ ń rìn ín. Ẹni tó bá ti dán an wò nílùú wa á mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ọkọ̀ agbégẹdú á fi eruku bò ọ́, ọlọ́kadà kan ò sì ní kọjá lára rẹ láì dúró. "Mọ́mì, ẹ gorí ẹ̀, ẹ ò ní sanwó." Bí mo bá ní mo kàn ń rìn ni, wọ́n á wò mí bíi pé orí mi fẹ́ yí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ ìyá mi pàdé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní kí n má tijú, nǹkan le fún gbogbo èèyàn. Mo gba owó náà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti yà kúrò lójú títì, mo bọ́ sọ́nà oko.

Ọ̀nà oko pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ohun tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kọjá lè rò lọ. Yálà o gba ọ̀nà Mámu tó ń lọ sí Ìbàdàn, tàbí o kọjú sí ọ̀nà Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè, bí o bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ìlú, ojú ọ̀nà tóóró á máa yọ lọ́tùn-ún lósì, ó wọ inú kòkó, ó wọ inú obì, ó sọ̀ kalẹ̀ sódò, ó gun òkè padà. Kò sí pátákó, ẹnikẹ́ni ò sì fi ọ̀dà sára igi láti fi ọ̀nà hàn ọ́. Mo ti ń rò pé torí kò sí pátákó ni ọ̀nà náà fi jẹ́ ti gbogbo ayé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í.

Bàbá oníkòkó yẹn ló là mí lójú. Lẹ́yìn "Ta ló rán yín wá?", ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ bàbá mi. Ó ní bàbá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, agboolé wo? Mo dárúkọ agboolé. Ó tún bi mí ní iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀bú tó ki pọ́pọ́ tó fi jẹ́ pé mo ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí lóòótọ́, àmọ́ Èkó ti bomi la Ìjẹ̀bú ẹnu mi, bí mo bá là á, àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dáhùn tán, ojú rẹ̀ tú ká. Ó mú kòkó pípọ́n kan, ó fi ẹ̀yìn àdá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò là á sí méjì, ó na ìdajì rẹ̀ sí mi. Ẹni tí kò bá tíì lá omi ara kòkó tútù kò mọ̀ pé kòkó àti ṣokoléètì kò jọra rárá. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ọsàn àgbálùmọ̀ tó ti rọ̀. A kì í jẹ hóró rẹ̀ o. A ń lá a ni, a sì ń tu hóró padà sínú agbọ̀n, torí hóró yẹn lowó.

"Ọ̀nà tẹ́ ẹ rí yìí," ó wí, "èmi ni mo ro ó. Láti ibi ọ̀pẹ yẹn dé odò, èmi ni. Láti odò lọ sókè, àwọn ará abà kejì ló ń ro ó. Bí a ò bá ro ó fún òjò kan péré, ẹ ò ní bá a níbẹ̀."

Mo ti rìn lórí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ló ń ṣe é. Ó wá kọ́ mi ní ohun tí a ń ṣe. Kí o tó wọ oko olóko, gbé ohùn sókè: "Àroko bọ́dún dé o!" Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, á dáhùn, á sì mọ̀ pé èèyàn ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọdẹ lo pàdé, "Àrìnpa o!" Ohùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìkan. Ewé tó ń mì láì fọhùn, ọdẹ lè pè é lẹ́ran. Bákan náà ni tàkúté: àwọn tó dẹ ẹ́ nìkan ló mọ ibi tó wà, bí o bá sì kí wọn, wọ́n á sọ fún ọ. Bí o bá fẹ́ ya fọ́tò, tọrọ àyè. Akẹtẹ̀ Èkó mi ńkọ́? Ó ní kí n gbé e sílé. Gèlè ni mo ń wé lọ báyìí, bí gbogbo ìyá tó ń lọ oko, kò sì sí ẹni tó tún pè mí ní sọfiyọ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa retí kí n ka ẹrù tí èèyàn á gbé. Kò pọ̀. Bàtà òjò onírọ́bà dára nínú ẹrẹ̀, àmọ́ ó ń gbóná, ó sì ń bó ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn. Kánfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn ló bá mi lára mu. Ṣòkòtò ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì, torí wèrèpè kò mọ ẹni iyì. Mo ti rìn gba inú rẹ̀ rí. Mi ò ní ṣàlàyé. Oúnjẹ tèmi ni gàrí Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rá, ẹ̀pà, àti mọ́ínmọ́ín eléwé méjì. Gàrí wa kan, torí pé a máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó yan án, ó sì gbẹ dáadáa, kì í tètè bàjẹ́. Bí oòrùn bá mú ọ tán, tí o bu omi tútù sí i, wàá mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀.

Omi nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ẹ gbé tiyín láti ilé. Ìgbà kan, mo rí odò kékeré kan tó mọ́ lóló nínú oko kòkó, mo ti bẹ̀rẹ̀ láti bu ún, ni obìnrin kan pariwo mọ́ mi látòkè. Ó na ìka sí ara àwọn igi. Gbogbo èso kòkó ibẹ̀ ló ti di aláwọ̀ búlúù, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Àsìkò òjò ni kòkó máa ń dúdú tó sì ń jẹrà lórí igi, oògùn tí wọ́n ń fín sí i láti dá a dúró sì ní èròjà kọ́pà nínú. Òjò á fọ̀ ọ́, ó di inú odò. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí búlúù lára ewé, n kì í já èso kankan lójú ọ̀nà, n kì í sì í fọwọ́ kan omi.

Àsìkò tó dára jù fún ìrìn ni láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì. Ọ̀nà ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀, kòkó tuntun sì ń gbẹ lórí ẹní lẹ́bàá abà, òórùn rẹ̀ bí ọtí tó fẹ́ kan. Àmọ́ ìgbà náà ni wọ́n ń dáná sun oko. Bí ẹ bá rí èéfín níwájú, ẹ má ṣe ya fọ́tò rẹ̀, ẹ yípadà. Lásìkò òjò, mo ń rìn láàárín oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dákẹ́ díẹ̀. Oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, ìdí máṣìn ni ẹ ó ti bá mi. Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: lábẹ́ igi ńláńlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láti aago márùn-ún ààbọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú títì. Aago mẹ́ta ni mo máa ń kọjú sílé, bó ti wù kí ibi tí mò ń lọ kù díẹ̀ tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ara kọ́ ọgbọ́n àdá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó gba àdá lọ́wọ́ bàbá oníkòkó kó lè ṣán ọ̀nà fún wa bíi ti inú fíìmù. Ó ju ú lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ lára igi tútù, ó yí padà, ó fá a ní ojúgun. Ẹ̀jẹ̀ bo ìbọ̀sẹ̀. Mo ń wá aṣọ tí màá fi dì í, ni bàbá náà fà ẹ̀kúnwọ́ ewé kan tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbo ó láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ewúro, títí omi aláwọ̀ ewé fi ń kán. Ó kán an sójú egbò. Ọmọ náà ké, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ fà sẹ́yìn, ó dá. Ewé Akíntọ́lá ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló kún gbogbo ilẹ̀ àpatì, òórùn rẹ̀ sì le bí ẹ bá fọwọ́ rà á. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa látijọ́, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti tàn dé, nígbà tó sì tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn fi orúkọ olóṣèlú tí wọn kò fẹ́ pè é. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Bí ẹ bá rìn gba ọ̀nà Rẹ́mọ, pàápàá ní agbègbè Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀ ní 1909, ẹ ṣọ́ èwo nínú orúkọ méjèèjì lẹ máa pè. Ewé tó dá ẹ̀jẹ̀ dúró kò ní kí a má lọ sílé ìwòsàn o. A lọ gba abẹ́rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn mi ni Erédò Sùngbọ́. Gbogbo èèyàn ló ń lọ sí Òkè Olúmọ, ó dára, Ẹ̀gbá ló ni ín, kí wọ́n máa jẹ ayé wọn. Tiwa kò ga sókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Kòtò àti odi amọ̀ ni, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, níbi tó sì jìn jù lọ, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó 20 mítà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Patrick Darling, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó mọ̀ nípa ohun àtijọ́, wọ igbó tó sì wọ̀n ọ́n, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn lókè òkun. Àwọn tó ni ilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun. Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní sàréè rẹ̀ wà, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti onísẹ̀ṣe ló sì ń ṣèbẹ̀wò síbẹ̀. Àwọn kan ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ọdún kò bá ara wọn mu: ayé Sólómọ́nì ti kọjá ní ohun tó lé ní 1500 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ sí Erédò.

Ẹ má kàn wọ Òkè-Èrí bí ẹni wọ ọjà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àti ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe.

Nínú kòtò náà gan-an, ẹlẹ́mu kan ló mú wa dé ibi tó dáa. A sọ̀ kalẹ̀ gba ibi tí ilẹ̀ ti ya. Bí ẹsẹ̀ mi ti kan ìsàlẹ̀, òógùn ara mi tutù. Ogiri pupa dúró ṣánṣán lápá méjèèjì, ewéko kéékèèké àti nǹkan aláwọ̀ ewé bí àdìrẹ tó ti gbó bò ó, gbòǹgbò igi ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè bí okùn ìfami. Ojú ọ̀run kò ju ìbú aṣọ ọ̀pá kan lọ. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ohùn mi ò lọ jìnnà, bíi pé ògiri gbé e mì. Ọmọ náà, ẹni tí egbò àdá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná, fẹ́ gun ògiri. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, odidi agbọ̀n ilẹ̀ kan já lulẹ̀. Ẹlẹ́mu bínú gan-an ni. Ó ní òjò ti ń lu ògiri yìí kí bàbá bàbá òun tó dáyé, kò wó, torí ewé tó bò ó. Ẹsẹ̀ ẹyọ kan ti bó ewé yẹn kúrò, òjò tó ń bọ̀ á mọ ibi tó máa gbà wọlé. A tọrọ àforíjì. Mo ṣì ń ro ojú tó fi wò wá.

Ó mú wa lọ wo ibòmíràn tí wọ́n ti fi katakata wa ilẹ̀ pupa lọ, ojú odi náà là gbayawu. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sínú àwọn ibi tó ń retí kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Títa erùpẹ̀ kì í dúró de UNESCO.

Mo ti ń sọ ọ́ bíi pé mo ti gbọ́n nígbà yẹn. Ìtìjú tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ṣì wà níwájú. Oṣù keje kan, mo kó àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn, a wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kí a lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Ìmàgbọ̀n, kí a rí odò Yemọji. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣètò. Mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù. Mo ra omi. A ò tíì rìn tó wákàtí kan tí ọ̀nà fi dá páropáro. Kò sí ọ̀kadà, kò sí ọmọ tó ń ta omi. Mo tiẹ̀ sọ pé ọ̀nà yìí dùn ún rìn lónìí. Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré jáde wá gbá wa wọlé bí adìẹ. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ni? Agẹmọ ń kọjá lónìí!"

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà ọdún Agẹmọ, àwọn alágẹmọ mẹ́rìndínlógún máa ń ti ìlú kálukú wọn jáde lọ sí Ìmòsàn, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ rí wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kéde rẹ̀. Gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló mọ̀. Èmi, ọmọ bíbí ibẹ̀, ojú ọjọ́ lórí fóònù ni mo wò.

Ìyá náà ti fèrèsé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbé àwo ńlá kan sáàárín wa, ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó ló kún inú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá máa fara pamọ́ nílé òun kò ní jókòó lásán. Obìnrin mẹ́fà nínú yàrá kan, ooru ń mú wa, a ń bó ẹ̀gúsí nínú òkùnkùn, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, a ò rí i. Ẹ ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún etí rẹ̀, á dún tẹ́ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ bí èèpo ṣe bọ́. Ìró yẹn nìkan ló wà nínú ilé fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo gbọ́ láti ìta, n kò ní í sọ. Nígbà tí wọ́n ní a lè jáde, aago mẹ́ta ti kọjá, ẹ̀gúsí tí a bó ti lé ní kóńgò mẹ́ta, ìyá náà sì bu ìkọ́kọrẹ́ tó ti tutù fún wa. Kò gbowó. Ó kàn ní nígbà mìíràn kí n béèrè lọ́wọ́ èèyàn.

Mo ń béèrè báyìí. Kí n tó jáde kúrò nílé, mo máa ń bi àgbà kan níbi tí mò ń lọ bóyá ọdún wà, bóyá Orò ń bọ̀, bóyá olóògbé ńlá kan wà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú pé kí ló dé tí obìnrin fi gbọ́dọ̀ sá wọlé fún ẹnikẹ́ni láyé òde òní. A jiyàn rẹ̀ títí nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, a ò sì tíì parí rẹ̀ títí di òní. Tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ jà á, kó jà á nínú ìlú rẹ̀, kó má ṣe é gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ń rìn kọjá.

Oṣù kejìlá la tó dé Ìmàgbọ̀n. Yemọji tí mo rí ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kò tó bí mo ṣe rò ó. Mo jókòó ti omi, mo ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé mi, àárín ìtàn ni mo wà tí mo fi dákẹ́ lójijì, torí ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ni. Ní ayé àwọn baba wa, Ìjẹ̀bú ló wà láàárín Èkó àti òkè, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ọjà lókè, ọjà nísàlẹ̀, ọwọ́ wọn ló ń gbà. Gómìnà Carter ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́ gòkè wá, Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò yìí, ìbọn Maxim, èyí tó ń yìn láìdúró, sì ṣe ohun tí ìbọn Maxim ń ṣe. Ogun náà parí ní ọjọ́ 19, lọ́jọ́ kejì wọ́n ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà ṣí. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ẹrú náà wà lára ọjà tó ń gba ọwọ́ àwọn baba wa, nítorí náà n kò ní jókòó sétí odò kí n máa sunkún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá oníkòkó yẹn, "Ta ló rán yín wá?", ó ti pẹ́ lẹ́nu wa ju bí mo ṣe rò lọ.

Igbó Ọmọ ńkọ́? A ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Igbó ọba ni, ó gbilẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, UNESCO sì ti kà á sí ara àwọn igbó tí gbogbo ayé ń ṣọ́ láti 1977. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀ la gbà, a yà sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní J4. Èyí kì í ṣe ibi tí ẹ ó kàn gbé báàgì wọ̀. Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì tẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ igbó. Erin ṣì wà níbẹ̀. A ò rí erin, ìgbẹ́ rẹ̀ la rí, ó tóbi tó orí ọmọdé, èso igi tí kò dà wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà sì fi igi tú u wò fún wa tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó ń ṣí àpótí aṣọ. Ó jìnnà fún ẹni tó fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ kan náà láti Ìjẹ̀bú-Igbó. A délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkọ mi jàre. Ayé ìjínigbé la wà. Ní báyìí, n kì í rìn ní èmi nìkan, mo ń sọ ọ̀nà tí mo gbà àti aago tí mo máa dé fún ẹni tó wà nílé, bí àwọn ará oko bá sì ní ká má gba apá ibì kan lọ́sẹ̀ yìí, n kì í bi wọ́n nídìí. Oṣù mẹ́rin gbáko la ò fi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn gan-an lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, mo fẹ́ kó wálẹ̀ sí i, mo sì fẹ́ wà láyé.

Lẹ́yìn máṣìn mi nínú ṣọ́ọ̀bù, bébà pátánì ńlá kan wà lára ògiri. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ ni mo fi ya ọ̀nà sórí rẹ̀: odò, abà, igi ìrókò tó wà ní oríta, ibi tí ìjàlọ ti lé wa. Àwọn oníbàárà rò pé aṣọ ẹbí ni mò ń gé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá oníkòkó mú ṣòkòtò wá kí n bá òun pa á lẹ́sẹ̀. Ó rí bébà náà, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ ọ̀nà láti ibi ọ̀pẹ títí dé odò. Ó ní igi tí wọ́n fi ṣe afárá ti jẹrà, ó ti já. Kí a má gba ibẹ̀ mọ́ títí òjò yóò fi lọ, kí a gba apá òsì níbi obì méjì tó fara ti ara wọn. Ó ní òun ò tíì ro apá ibẹ̀ tán o, kí n fún òun títí di ọjọ́ Sátidé.

Mo fi ọwọ́ nu afárá kúrò, mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ya obì méjèèjì fúnra rẹ̀. Ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n rí.